Nígbà Tí Yunifásítì Ọmọ Mi Pààrọ̀ Líìgì

Ibi tí mo ti ń ra epo mọ́tò ní Garland, nítòsí Dallas, ni ọmọbìnrin mi ti pè mí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn tí mímí ń ni lára, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn kankan ju pé oúnjẹ ti wà nílé lọ.

"Dádì, à ń kúrò o."

"Ta ló lé yín? Ṣé kì í ṣe oṣù tó kọjá lẹ buwọ́ lùwé apátímẹ́ǹtì yẹn ni?"

"Kì í ṣe apátímẹ́ǹtì. Yunifásítì ló ń kúrò."

Mo fọwọ́ ti mọ́tò. Mo ro ti ilé ìkàwé alájà mẹ́rin yẹn, mo ro ti pápá ìṣeré, mo ro ti àwọn igi ńlá tó wà lẹ́nu géètì wọn. "Yunifásítì ń kó lọ síbo?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Líìgì la fẹ́ pààrọ̀, Dádì. Líìgì!"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, torí èmi náà lo ọdún mẹ́wàá ní Dallas kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí kì í kàn bá ẹni tó bá ṣáà sún mọ́ wọn gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n máa ń kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, mẹ́wàá níbí, méjìlá lọ́hùn-ún, wọ́n á wá máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún títí ọ̀rọ̀ náà á fi dà bí ìjà ẹbí. Kọ́nfúrẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é. Nílé tiwa, líìgì la sọ ọ́ dà, torí ìyàwó mi ní òun ti lọ sí kọ́nfúrẹ́ǹsì púpọ̀ níbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òun, òun ò sì rí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Yunifásítì lè jáde nínú ọ̀kan kó bọ́ sínú òmíràn, bí ẹni tó pààrọ̀ ìjọ. Tó bá sì ń lọ, kì í ṣe bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ yẹn nìkan ló ń mú lọ. Gbogbo eré ìdárayá ló máa kó dání: àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, títí dórí fọ́líbọ́ọ̀lù, èyí tí ọmọ mi ń gbá.

Èmi ò wá fọ́líbọ́ọ̀lù lọ o. Nílé ìwé girama tí mo lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tí kò lè sáré la máa ń ní kí wọ́n lọ gbá a. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ga. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń wo àtàrí mi, ó sì máa ń sọ fún mi bí irun ibẹ̀ ṣe ń dínkù. Nígbà tó máa wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un, nítorí bó ṣe máa ń fò sókè gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Èmi ti sọ fáwọn ará ìjọ wa pé nítorí ìṣirò ni. Ìyàwó mi ló tú àṣírí mi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ wò ó, mo gba ẹnu ọ̀nà tí kò yẹ wọlé. Pupa ni àwọ̀ tiwa. Pupa tó ti ń lọ sí dúdú ni ti iléèwé kejì tí wọ́n ń bá díje, èyí tó jìnnà sí wa ní ìrìn wákàtí méjì nínú mọ́tò. Ẹni tí oorun ń kùn kò lè mọ ìyàtọ̀. Mo lọ jókòó sáàárín wọn, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, mo fò dìde: "Éè! Ọmọ mi nìyẹn o!"

Gbogbo ìlà náà yíjú sí mi. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni wọ́n wí, "ẹ ti ṣi ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní "ẹ", ṣùgbọ́n wọ́n fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Nínú orí tèmi, mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Mansfield, ìlú kan nítòsí Dallas, ni wọ́n ń gbé. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin ló ń gbá fún iléèwé kejì yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ohùn tí wọ́n fi ń pa bọ́ọ̀sì odindi lẹ́nu mọ́ kò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀. Mo sọ wọ́n ní Ìyá Mansfield. Àwọn náà ń pè mí ní Místà Sachse, torí ìlú Sachse ni ilé mi wà.

Látọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tí iléèwé méjèèjì bá pàdé, a máa ń jókòó sí ààlà, ibi tí àwọn alápupa ti tán tí àwọn alápupa dúdú ti bẹ̀rẹ̀. Màá mú ìpékeré dání, àwọn á mú ẹ̀pà sísun tó ṣì wà nínú èèpo wá. A ó jọ máa jẹ, a ó sì jọ máa bá ara wa jà.

"Ọmọ yín fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì! Kò bófin mu!"

"Kò kàn án!"

"Ẹ lọ ra awò ojú, Místà Sachse."

"Awò wà lójú mi, Mà."

"Ẹ lọ ra òmíràn."

Ìyá Mansfield mọ ìtàn líìgì bí àwọn àgbà ẹbí ṣe máa ń mọ ìtàn ìgbéyàwó: ta ló fi ta sílẹ̀, ta ló lọ tó tún padà, ta ló búra pé òun ò ní kúrò láéláé tó sì di ẹrù lọ́sẹ̀ kejì. "Ìyẹn lọ lọ́dún tí mo bí ọmọ mi kejì," ni wọ́n á wí. "Tẹlifíṣọ̀n ló tàn án." Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí kálukú kì í dúró síbi tó wà. Wọ́n tu èèpo ẹ̀pà sínú páálí. "Torí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Bí ọ̀kan bá ti dìde dúró, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn."

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọmọ mi fi dùn mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wá àwọn iléèwé tó wà nínú líìgì tuntun náà lórí máàpù, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń ka èsì ìdánwò.

"Èyí tó sún mọ́ wa jù, bàálù wákàtí méjì àbọ̀ ni," ó ní. "Ìkan wà létí òkun."

"Dallas ò ní òkun."

"Bóyá ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ lọ wò ó."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe àwa òbí sí ìpàdé nínú gbọ̀ngàn yunifásítì. Ọ̀gá tó ń bójú tó eré ìdárayá wọn, ọkùnrin gíga kan tó fi táì pupa sọ́rùn, gbé máàpù Amẹ́ríkà sára ògiri. Àmì kéékèèké ló fi hàn wá níbi tí àwọn iléèwé náà wà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan dojú kóńgò ẹ̀wà dé sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iléèwé méjì tó lágbára jù nínú líìgì wa ti kúrò, pé àwọn tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ máa fi àwọn tó kù hàn mọ́, àti pé owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ló ń gbọ́ bùkátà àwọn eré tó kù. Líìgì tuntun pè wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún wọn láti dáhùn.

Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ na ọwọ́ sókè. "Bọ́ọ̀lù ló fẹ́ lọ. Kí ló kan ìlúwẹ̀ẹ́? Ṣé omi tó wà níbí ò mú ọmọ mi léfòó mọ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ kan wà nínú líìgì kan kí ìkejì wà nínú òmíràn. Gbogbo eré ni líìgì tuntun fẹ́ kó pọ̀.

Èmi náà na ọwọ́ sókè. Mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé pélébé: kíláàsì ńkọ́, ìdánwò ńkọ́, ìgbà wo làwọn ọmọ máa sùn? Ìbéèrè tó mọ́yán lórí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi lọ́wọ́, tí gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ jọ̀ọ́, kí làwọn ọmọ máa jẹ nínú bàálù?"

Ìyàwó mi fa ẹ̀yìn kóòtù mi títí mo fi jókòó.

Lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀gá náà wá bá mi níbi tí mo ti ń po kọfí. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Sà, ìbéèrè yín nìkan ni mi ò ní ìdáhùn sí." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ibí ni mo ti kàwé. Mo ti bá àwọn iléèwé tí à ń fi sílẹ̀ yìí gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí irun ṣì wà lórí mi. Oorun ò kùn mí fọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n bí méjì mìíràn bá tún lọ, ta ló máa ṣẹ́kù tí a ó bá gbá? Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló máa gbálẹ̀ gbọ̀ngàn."

Mo ti ṣètò láti bínú sí i. Kò ṣeé ṣe. Ó dà bí ẹni tó sáré ta ilé bàbá rẹ̀ torí ó ti rí i pé àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ti tà.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Ìyá Mansfield. Wọ́n ti gbọ́. Wọ́n tiẹ̀ gbọ́ jù mí lọ: líìgì kan ti wá fa ojú iléèwé tiwọn náà mọ́ra, iléèwé náà sì ní òun ò ṣe.

"Ààrẹ yunifásítì wa ló sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ó ní àwọn ọmọ wa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì bọ̀, wọ́n sì ń jókòó sí kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wa ń wá nítorí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ ká nà. Àwa ò lọ síbì kankan, Místà Sachse. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sá."

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí ni mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ sọ nílé. Mo ti sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sọ ọ́ fún aláìsàn kan tí kò lè dá mi lóhùn torí ẹ̀rọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ara mi gbóná.

"A ò sá," mo ní. "À ń tẹ̀síwájú ni."

"Ẹ̀ ń tẹ̀síwájú lọ síbo? Sínú yìnyín?"

"Ẹ̀yin, ẹ dúró torí ẹ̀rù bàálù ń bà yín!"

"Ó dàbọ̀, Místà Sachse," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Ìyàwó mi gbójú sókè lórí àga. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwà wèrè ni kí yunifásítì máa lọ, kí lẹ wá ń gbèjà?"

Mo lọ wá ìpékeré jẹ.

Èmi àti Ìyá Mansfield ò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìdíje ìkẹyìn láàárín iléèwé méjèèjì dé, lọ́dọ̀ tiwọn. Mo wa mọ́tò lọ fún wákàtí méjì, mo ń ronú ibi tí màá jókòó sí. Bí mo ṣe wọlé, mo rí wọn níbi ààlà. Ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣófo, wọ́n gbé báàgì lé e. Mo dúró bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Wọn ò wò mí. Wọ́n kàn nawọ́, wọ́n gbé báàgì náà sílẹ̀.

Ìdíje yẹn wọ sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, abala tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ méjì tiwa ló dojú kọ ara wọn lẹ́nu nẹ́ẹ̀tì nígbà tó ku àmì kan. Ọmọ-ọmọ wọn fò, ọmọ mi fò, ọwọ́ mẹ́rin wà lókè, bọ́ọ̀lù náà rọra yí gba orí nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tí kò tíì pinnu ibi tó ń lọ, ó wá já bọ́ sí ìhà tiwa. Wọ́n ti nà wá. Gbogbo ilé náà ń pariwo. Mo ń retí pé Ìyá Mansfield máa bú mi títí dé ibi tí mo gbé mọ́tò sí. Dípò ìyẹn, wọ́n tú ọ̀rá ẹ̀pà, wọ́n da ìdajì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì gba abẹ́ nẹ́ẹ̀tì kọjá, wọ́n dì mọ́ ara wọn.

"Ta ni mo máa bá jà lọ́dún tó ń bọ̀?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ bàálù yẹn, Mà."

"Òótọ́ lẹ sọ. Mi ò wọ̀ ọ́ rí láyé mi."

Sáà eré tuntun bẹ̀rẹ̀, líìgì tuntun bẹ̀rẹ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, mo lọ sí ìlú kan ní àríwá tí yìnyín ti bo àwọn mọ́tò mọ́lẹ̀. Mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta, mo dà bí mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ká. Àwọn òbí ibẹ̀ ṣe mí dáadáa. Wọ́n fún mi ní kọfí, wọ́n bi mí nípa ojú ọjọ́ Texas. Nígbà tí ọmọ wọn fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì, mo fò dìde, mo pariwo, mo yí sọ́tùn-ún láti jà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bóyá òótọ́ lẹ sọ, sà," ó ní. Ta ló ní kó gbà fún mi? Mo jókòó. Mi ò tún pariwo mọ́ títí wọ́n fi parí.

Ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì, mo bá ọmọ mi nílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ síwájú, ó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́místrì lórí báàgì. Kíláàsì méjì ló ti pa jẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó wálé lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó gbé síbí sílẹ̀ lórí àwo ìrẹsì, ó ní òun ń ronú àtipààrọ̀ iléèwé. Àwọn ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ o, kì í ṣe yunifásítì nìkan. Ó ní òun ń rò ó bóyá kí òun lọ sí iléèwé àwọn Ìyá Mansfield, níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì.

Mo tẹ orí ba. Mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Nínú ọkàn mi, mo ti ń wa mọ́tò lọ ní wákàtí méjì, mo ti ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀. "Ká ní kò sí fọ́líbọ́ọ̀lù rárá, ibo lo máa fẹ́ wà?"

Ọmọ náà jẹ ẹran tán kó tó dáhùn. "Ibí ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti ní kí n wá máa bá àwọn ṣiṣẹ́ ní láàbù, lórí ẹ̀dọ̀fóró." Ó wò mí. "Líìgì ló lọ, Dádì. Láàbù ò lọ síbì kankan."

Ọmọ mi fẹ́ mọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí èmi fi ń jẹun láti ogún ọdún! Inú mi dùn dé góńgó. Ó sì bà jẹ́ díẹ̀, nítorí ẹ̀pà. Mo dìde, mo lọ fọ àwo, iṣẹ́ tí wọn ò bẹ̀ mí.

Lóṣù karùn-ún, Ìyá Mansfield pè mí.

"Místà Sachse, ibo lẹ wà?"

"Mo wà lórí ọ̀nà márosẹ̀, Mà."

"Ẹ kúrò lórí ẹ̀."

Mo gba ọ̀nà tó kàn jáde, mo dúró síwájú ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Mo ní, "Mo ti dúró. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí pé ẹ ò ní rẹ́rìn-ín."

"Mo ṣèlérí."

"Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ti pààrọ̀ iléèwé. Pupa yín ló máa wọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin kan jáde láti ibi táyà, ó kan fèrèsé, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Lórí fóònù, Ìyá Mansfield ń sọ pé, "Ẹ ṣèlérí! Ẹ ṣèlérí fún mi!"

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo bi wọ́n ní ìdí. Wọ́n ní ọmọ náà fẹ́ kọ́ nípa títọ́jú eegun àti iṣan, ẹ̀kọ́ náà sì wà lọ́dọ̀ wa, kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ìyẹn nìkan kọ́. Lẹ́yìn tí a kúrò, iléèwé méjì mìíràn tún jáde nínú líìgì àtijọ́ náà. Àwọn tí wọ́n wá fi dí àlàfo jìnnà, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ wọ́n. Ìrìn bọ́ọ̀sì ti di wákàtí mẹ́jọ.

"Àwa dúró," ni wọ́n wí. "Àwọn tá a tìtorí wọn dúró ni ò dúró."

Mi ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀, pé àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lóṣù kẹsàn-án, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò sí ẹni tó retí. Àwọn kóòṣì iléèwé méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìdíje kan sí ìbẹ̀rẹ̀ sáà eré, lẹ́yìn òde líìgì, torí kò sófin tó ní iléèwé méjì ò gbọdọ̀ pàdé mọ́ nítorí pé wọ́n ti pínyà. Ìyá Mansfield dé sí gbọ̀ngàn wa pẹ̀lú súwẹ́tà aláwọ̀ eérú. Mo wò wọ́n.

"Eérú kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí, wọ́n jókòó.

Ìyá ọmọ kan nínú tiwa fún wọn ní fìlà pupa. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e lé orúnkún. Bí àwọn ọmọ iléèwé wọn àtijọ́ bá gba àmì kan, mo máa ń rí i tí ẹsẹ̀ wọn ń lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá gba ọ̀kan, wọ́n á pàtẹ́wọ́ níwọ̀nba, bí ẹni tó wà níbi ìgbéyàwó ẹni tí kò mọ̀. Nínú sẹ́ẹ̀tì kẹta, ọmọ-ọmọ náà fò sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù kan mọ́lẹ̀ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ìró rẹ̀ dún bí ìgbà tí wọ́n ju àpótí láti òkè. Kí n tó mọ̀, Ìyá Mansfield ti wà lórí ìdúró, fìlà pupa ti wà lórí, ohùn bọ́ọ̀sì ti jáde: "Ọmọ mi nìyẹn o!"

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Wọ́n rọra jókòó.

"Ẹ ò rí nǹkan kan," ni wọ́n sọ fún mi.

"Mo rí gbogbo ẹ̀, Mà."

A jáwé olúborí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọdá sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ti ń jókòó láti ọdún púpọ̀ wá. Mo dúró lókèèrè, ẹ̀rù ń bà mí fún wọn. Àwọn èèyàn náà kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí wọn pọ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti fi kọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fà wọ́n mọ́ra, wọ́n sì já fìlà náà gbà lórí wọn.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Mansfield sọ fún mi pé àwọn náà máa bá mi lọ sí àríwá. Wọ́n fẹ́ ìjókòó ojú fèrèsé. Nígbà tí bàálù gbéra, wọ́n di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fi àmì sí mi níka, àdúrà tí wọ́n ń gbà kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ojú, wọ́n rí ìkùukùu nísàlẹ̀, wọn ò sì gbójú kúrò ní fèrèsé mọ́ títí a fi dé. Lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n dá awakọ̀ bàálù dúró. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹ tètè máa tẹ bíréèkì." Ọkùnrin náà ní òun ti gbọ́.

Àwọn ọmọ wa ò rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ń nà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló jókòó lápá òsì wa, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ní irùngbọ̀n funfun, ọmọ rẹ̀ ló ń gbá fún wọn. Ìyá Mansfield yí sí i.

"Ọmọ yẹn fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀tì."

"Bóyá, Mà," ó ní.

"Bóyá kọ́. Ṣé ó kàn án àbí kò kàn án?"

Ọkùnrin náà wò wá. Ó mi orí. "Ó kàn án díẹ̀."

"Kò sí díẹ̀ nínú ẹ̀! Ṣé ẹ rí i ni àbí ẹ ò rí i?"

"Ọmọ mi nìyẹn, Mà," ọkùnrin náà ní, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. "Kò kàn án!"

"Ẹ̀hẹ́n! Ìjà dé!" ni mo wí, mo gbé ìpékeré sáàárín wa.

Nígbà tí sẹ́ẹ̀tì kẹta fi máa parí, àgbẹ̀ oníwà pẹ̀lẹ́ yìí ti wà lórí ìdúró, ó ń juwọ́, ó ń bú adájọ́, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. Wọ́n nà wá ní mẹ́ta sí òdo. Ó gba nọ́ńbà fóònù wa kó tó lọ.

Lóṣù kọkànlá, nígbà tí àwọn ọmọ tiwọn wá gbá ìdíje kejì ní Dallas, òun àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé wọn wá. Ìyàwó mi se ìrẹsì àti ẹran dè wọ́n, Ìyá Mansfield gbé kéèkì wá láti Mansfield. Wọ́n tún nà wá, ọkùnrin náà sì sọ ìtàn bí wọ́n ṣe nà wá fún wa lórí tábìlì wa, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń fi ẹran wa sẹ́nu láàárín ọ̀rọ̀.